Odó, Òṣùwọ̀n àti Ìwé Ara Ìgò: Ìtàn Àwọn Apòògùn nínú Àwòrán àti Ìwé Ìpolówó

Àwọn baba wa a máa wí pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í dúró rò ó mọ́. Àgúnmu ni wọ́n fi ṣe àkàwé, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé àgúnmu a máa fún ara ní agbára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àgúnmu gan-an ni ọjà tí a ń polówó ńkọ́? Bí ẹni tí ń gún oògùn bá fi odó sílẹ̀, tí ó di ìwé àti tàdáwà mú, ta ni yóò sọ ohun tí ń bẹ nínú ìgò fún aláìsàn? Ìbéèrè yìí ni a mú wá síwájú yín, a ó sì wá ìdáhùn rẹ̀ nínú àwòrán àti nínú ìwé pélébé tí àwọn apòògùn ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ìwé pélébé ni a wí, kì í ṣe ìwé ńlá. Púpọ̀ nínú ìtàn yìí wà nínú ohun tí a tẹ̀ kí a lè kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì sọ ọ́ nù: ìwé tí a ń fi lé ènìyàn lọ́wọ́ ní ìgboro, ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ìgò, káàdì, àti kàlẹ́ńdà. Ní ìlú Oxford, John Johnson, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìtẹ̀wé fún Yunifásítì ibẹ̀, kó irú ìwé wọ̀nyí jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1968, ọdún 12 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a kó wọn lọ sí ilé ìkàwé Bodleian. Lára wọn ni a ti ń rí ohun tí àwọn òpìtàn kò kọ, nítorí ẹni tí ń tajà kì í mọ̀ pé òun ń kọ ìtàn.

Kí ìwé títẹ̀ tó gbilẹ̀, àwòrán ni ó kọ́kọ́ fi ilé apòògùn hàn wá. Ní àfonífojì Aosta, ní àríwá Ítálì, ilé olódi kan wà tí à ń pè ní Issogne. Ní nǹkan bí ọdún 1500, Georges de Challant tí ó ṣe àtúnkọ́ rẹ̀ mú kí a ya iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ará ìlú sí ara ògiri àgbàlá: aránṣọ, alápatà, ẹni tí ń yan àkàrà, àti apòògùn. Ìkòkò tò lọ lórí pẹpẹ lẹ́yìn tábìlì. Òṣùwọ̀n wà níbẹ̀. Ẹnì kan sì ń gún oògùn nínú odó. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti dúró nídìí odó rí yóò mọ iṣẹ́ náà láìsí ògbufọ̀. Àwọn ìkòkò wọ̀nyí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tí ó wá ra oògùn kò lè rí inú wọn. Àkọlé ara ìkòkò, àti ọwọ́ ẹni tí ń wọn oògùn, ni ó dúró láàrin òun àti ikú. Bí àkọlé bá purọ́, ó parí.

Nítorí tí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni àwọn ayàwòrán kan fi gbójúgbóyà láti gbé Olúwa wa fúnra rẹ̀ dúró nídìí tábìlì náà. Bíbélì Yorùbá wa pe irú oníṣẹ́ yìí ní alápòlù, nínú Ẹ́kísódù orí 30 àti nínú Oníwàásù orí 10. Kristi Alápòlù ni a sì lè pe àwọn àwòrán tí a ń sọ. Ọ̀kan nínú èyí tí ó pẹ́ jù lọ wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tí a ṣe ní Rouen, ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí 1520: Ádámù àti Éfà ni aláìsàn, Jésù ni ó sì ń po oògùn fún wọn. Lẹ́yìn 1600, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ di púpọ̀ ní ilẹ̀ Jámánì, Austria àti Switzerland, ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì àti ti Kátólíìkì bákan náà. Èyí tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni ó ṣẹ́kù títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níwájú ọ̀kan. Ní Werder, ìlú kékeré kan lórí odò Havel, tí kò jìnnà sí Berlin, ni ó wà. Kristi dúró nídìí tábìlì pẹ̀lú òṣùwọ̀n apòògùn lọ́wọ́. Ìkòkò mẹ́jọ ni ó tò síwájú rẹ̀, àkọlé sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: Oore-ọ̀fẹ́, Ìrànlọ́wọ́, Ìfẹ́, Sùúrù, Àlàáfíà, Ìdúróṣinṣin, Ìrètí, Ìgbàgbọ́. Ṣíbí wà nínú olúkúlùkù wọn, ìkòkò Ìgbàgbọ́ ni ó sì tóbi jù gbogbo wọn lọ. Níwájú àwọn ìkòkò ni àpò kan wà tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ohun tí ó wà nínú àpò náà ni àwọn ará Jámánì ń pè ní Kreuzwurz. Ewéko ni èyí ní tòótọ́, àwọn elégbògi wọn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá túmọ̀ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbòǹgbò àgbélébùú ni. A ti kó ẹ̀bi ènìyàn sínú àwo òṣùwọ̀n kan. Kristi sì ti bu ẹ̀kúnwọ́ gbòǹgbò àgbélébùú láti fi sínú àwo kejì, kí òṣùwọ̀n lè dọ́gba.

Ẹni tí ó ṣe àpèjúwe àwòrán yìí fún ayé ni Theodor Fontane, nínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ tí ó jáde ní 1873. Fontane mọ ohun tí ó ń wò. Ọmọ apòògùn ni. Òun pàápàá kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì fi jẹun títí di 1849, kí ó tó fi í sílẹ̀ nítorí ìwé kíkọ.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé kò yẹ kí a sọ Olúwa di oníṣòwò. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ara rẹ̀ wé olùṣọ́-àgùntàn, tí ó sì wí pé àwọn tí ara wọn kò dá ni ó ń fẹ́ oníṣègùn, kò ní kọ òṣùwọ̀n àti ṣíbí. Àti pé ẹ wò ó dáadáa: ọjà yìí kò ní iye owó. Àwọn ayàwòrán a máa kọ Aísáyà 55 ẹsẹ 1 tàbí Mátíù 11 ẹsẹ 28 sí ara àwòrán wọn, kí ó lè yé ẹni tí ń wò ó pé ọ̀fẹ́ ni a ń gbà níbẹ̀. Ohun tí a kọ sára ìkòkò ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ohun méjì yìí ni kò sí ní ọjà tí a ń lọ nísinsìnyí.

Ní London, Ọba James Kìíní fi ìwé àṣẹ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Apòògùn ní 1617, ó sì yọ wọ́n kúrò lára àwọn tí ń ta ata àti turari. Àmì ẹgbẹ́ náà ni Apollo, òrìṣà àwọn ará Gíríìkì, tí ó ń pa ejò ńlá, àti àgbáǹréré lókè orí rẹ̀. Nítorí wọ́n gbàgbọ́ nígbà náà pé oògùn wà nínú ìwo ẹranko yìí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní 1665, ọ̀pọ̀ oníṣègùn olókìkí sá kúrò nílùú pẹ̀lú àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú. Ọ̀pọ̀ apòògùn dúró. William Boghurst, apòògùn kan ní agbègbè St Giles, wọlé tọ àwọn aláìsàn lọ, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé; ìwé náà kò rí ilé ìtẹ̀wé títí di 1894. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ kò rí ẹni tẹ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ rí òǹtẹ̀wé lọ́jọ́ kan náà: àwọn òpó ìgboro kún fún ìwé àwọn atannijẹ tí wọ́n ń ta oògùn tí kò lè ṣàì jẹ́. Daniel Defoe kò gbàgbé wọn nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ lórí àjàkálẹ̀ náà ní 1722.

Ó dùn wá láti sọ pé ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìgò tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn, ọwọ́ àlùfáà ni ó ti jáde. Thomas Daffy, tí ó jẹ́ àlùfáà ìjọ Redmile ní Leicestershire, tí ó sì kú ní 1680, ni a sọ pé ó po ó. Ewé senna nínú ọtí líle ni olórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Oògùn tí ń ṣí inú ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbátan rẹ̀ kan, Anthony Daffy, gbé e lọ sí London, ó sì tẹ ìwé pélébé tí ó to àrùn sí orí ara wọn bí ìgbà tí a ń to iṣu, tí ó sì dárúkọ ìlú àti ilé tí a ti lè rà á. Lẹ́yìn èyí, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí ta Daffy tiwọn, olúkúlùkù sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pé tòun nìkan ni ojúlówó, kí ènìyàn ṣọ́ra fún ayédèrú. Nínú irú ìwé báyìí ni àṣà ẹ̀rí ti gbilẹ̀: lẹ́tà ẹni tí ó ti wà ní bèbè ikú tí oògùn náà gbé dìde. Lẹ́tà tí àlùfáà bá fọwọ́ sí ni wọ́n ń fẹ́ jù.

Ẹ kíyè sí bí ilé ìtẹ̀wé àti ilé oògùn ti di ọ̀kan. John Newbery ti London, ẹni tí a ń yìn títí di òní nítorí àwọn ìwé tí ó tẹ̀ fún àwọn ọmọdé, gba ẹ̀tọ́ ní 1746 láti máa ta ẹ̀tù ibà ti Dókítà James. Ní 1765 ó tẹ ìtàn ọmọ òrukàn kan tí à ń pè ní Goody Two-Shoes. Kí ni ó pa bàbá ọmọ náà? Ibà ni, ní ibi tí wọn kò ti lè rí ẹ̀tù Dókítà James rà! Ọmọdé tí ń sunkún nítorí òrukàn kò mọ̀ pé ìpolówó ni òun ń kà. Ẹ̀tù náà ní antimony nínú, ohun olóró tí a ń wà nínú ilẹ̀. Oliver Goldsmith, òǹkọ̀wé tí ó ti ṣiṣẹ́ fún Newbery fún ọ̀pọ̀ ọdún, mu ún nínú àìsàn rẹ̀ ní 1774 bí oníṣègùn rẹ̀ tilẹ̀ kọ̀ fún un, kò sì dìde mọ́.

Àwọn ayàwòrán kò dákẹ́. Nínú àwòrán mẹ́fà tí William Hogarth fi sọ ìtàn ìgbéyàwó kan tí owó so pọ̀, èyí tí a tẹ̀ fún títà ní 1745, ìyàwó náà gbé májèlé mu nínú àwòrán ìkẹyìn. Apòògùn di ìránṣẹ́ tí ó lọ ra májèlé náà ní kọ́là, ó ń jágbe mọ́ ọn. Oníṣègùn ti ń bá ọ̀nà jáde lọ. Lórí ilẹ̀, ní ẹsẹ̀ ìyàwó, ohun méjì ni ó wà: ìgò lọ́dánọ̀mù tí ó ti ṣófo, oògùn oorun tí a fi opium ṣe, àti ìwé pélébé kan, irú èyí tí a ń tà ní ìgboro lọ́jọ́ tí a bá so ọ̀daràn rọ̀, tí ó sọ fún un pé olólùfẹ́ rẹ̀ ti kú sórí igi. Ìwé kò ju kọ́bọ̀ mélòó kan lọ, ìgò náà bẹ́ẹ̀. Hogarth kò kọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Ó kàn gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ní 1783 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bu owó orí lé oògùn ìgò. Ìwé kékeré kan tí ó ní òǹtẹ̀ ìjọba ni a ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò tàbí páálí láti fi hàn pé a ti san án. Owó ni ìjọba ń wá. Kò sí ẹni tí ó wo inú ìgò. Ṣùgbọ́n aláìsàn rí orúkọ ìjọba lára oògùn rẹ̀, ó sì gbà pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tí ń tà á kò sì sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọdún 158, títí di 1941, ni ìwé òǹtẹ̀ yìí wà.

Ohun tí ó bo mọ́lẹ̀ hàn ní 1909, nígbà tí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kan tí wọ́n pè ní Secret Remedies, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú àwọn oògùn olókìkí wò. Ẹ gbọ́ ti hóró oògùn Beecham, tí Thomas Beecham ti ń polówó láti 1859, tí ìwé rẹ̀ ń sọ pé páálí kan tó owó wúrà kan: aloe, atalẹ̀ àti ọṣẹ ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Hóró 56 ni ó wà nínú páálí, a sì ń tà á ní ṣílè kan àti kọ́bọ̀ kan ààbọ̀. Ohun tí a fi ṣe gbogbo 56 náà kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ kọ́bọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ̀ láti gba ìpolówó ìwé yìí, nítorí àwọn olóògùn ni ó ń bọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ kan tí Ilé Aṣòfin yàn wádìí ọ̀rọ̀ náà láti 1912, àbọ̀ wọn sì jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ọdún 1914. Ọjọ́ náà gan-an ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun pẹ̀lú Jámánì. Ta ni yóò tún ka àbọ̀ lórí oògùn? Ó di 1941 kí òfin tó fi dandan lé e pé kí a kọ ohun tí ó wà nínú oògùn sí ara rẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà burú jù báyìí lọ, nítorí wọ́n fi ẹwà kún un. Nígbà tí wọ́n ti mọ bí a ti ń tẹ àwòrán aláwọ̀ mèremère láti orí òkúta, àwọn olóògùn bẹ̀rẹ̀ sí fi káàdì ta àwọn oníbàárà wọn lọ́rẹ, àwọn ọmọdé a sì máa lẹ̀ wọ́n sínú ìwé. Ọ̀kan wà láti Albany, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 1885: ọmọdé méjì ń fi igi kọ́ ilé ìṣeré níwájú ilé ńlá kan, òdòdó wà níbẹ̀, oòrùn ń ràn. Oògùn eyín dídùn ni ó ń polówó, cocaine ni ó wà nínú rẹ̀, sẹ́ǹtì 15 ni. Òmíràn ni omi oògùn Mrs. Winslow, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 1849 fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín. Lórí káàdì rẹ̀, ìyá tí ó wọ aṣọ dáradára gbé ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún mọ́ra. Morphine ni ó wà nínú ìgò náà. Ọmọ tí ń ké a dákẹ́ lóòótọ́; òmíràn nínú wọn kò sì jí mọ́. Ìyá tí ó fún un mu kò ṣe àìbìkítà. Ó mọ ìwé kà, ó ka ohun tí a tẹ̀, ó sì gbà á gbọ́.

Ìwé ìròyìn àwọn ìjọ pàápàá gba ìpolówó irú oògùn wọ̀nyí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láàrin ara wa. Samuel Hopkins Adams kò fi èyí pamọ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tú àṣírí wọn nínú ìwé ìròyìn Collier's ní 1905. Ní ọdún náà kan náà ni E. W. Kemble ya àwòrán kan sínú Collier's: agbárí òkú ńlá kan tí eyín rẹ̀ jẹ́ ìgò oògùn. Irinṣẹ́ tí àwọn olóògùn fi ta ọjà wọn, àwòrán àti ìwé títẹ̀, ni wọ́n fi bá wọn jà. Ní 1906 ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹni tí ó bá fi ọtí, opium, morphine tàbí cocaine sínú oògùn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Òfin náà kò sọ pé kí a má fi í sí i. Ó wulẹ̀ ní kí ìwé ara ìgò má purọ́ mọ́. Bí àwọn ìyá sì ti rí orúkọ morphine níbẹ̀, ọ̀pọ̀ gbé ìgò náà jù sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹlẹ́wé ọmọ kò ní ìwé kankan lára ẹrù rẹ̀. Ìyá ọmọ mọ̀ ọ́n, ó mọ ilé rẹ̀, bí àgbo bá sì ṣe ọmọ ní ibi, ó mọ ẹni tí òun yóò lọ bá. A kò sọ pé gbogbo àgbo ni ó dára. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí oògùn ìgò dé, a gbé ìgbẹ́kẹ̀lé wa kúrò lára ẹni tí a mọ̀, a gbé e lé ìwé tí a kà. Láti 1993 ni àjọ NAFDAC ti wà ní Nàìjíríà láti yẹ oògùn wò, nọ́ńbà rẹ̀ ni ẹni tí ó bá gbọ́n sì ń wò lára páálí kí ó tó san owó.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ìròyìn kàn pé àwọn ọmọ ọwọ́ ń kú ní oríṣiríṣi ìpínlẹ̀, kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Omi oògùn kan fún ọmọ tí ń hu eyín, My Pikin ni orúkọ rẹ̀, Èkó ni a ti ṣe é, ni wọ́n ti mu. Ọmọ tí ó kú ju 80 lọ. Diethylene glycol ni a bá nínú rẹ̀, májèlé kan náà tí ó pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní Amẹ́ríkà ní 1937, tí ó sì mú kí wọ́n tún òfin oògùn wọn ṣe ní 1938. Nígbà tí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ, a rí i pé kì í ṣe ìdí ìgò kékeré tí àwọn ìyá rà ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan tí kò ní ìwé àṣẹ ni a ti ra omi tí a fi po oògùn náà. Propylene glycol, tí kì í pa ènìyàn, ni orúkọ tí ó fi tà á.